Pa Ìwé Dé, Kí O Sọ Ohun Tí O Kà

Tèmítọ́pẹ́, ọmọ àbúrò mi, ló fa ìwé kíkọ yìí. Ó ti fẹ́ẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń ṣe méjì: ṣé kóun ṣe tísà ni àbí kóun wá iṣẹ́ sí báńkì? Ó wá ní, "Màmá, ẹ kọ ìtàn iṣẹ́ yín sílẹ̀ kí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi rí i kà. Ẹ kọ èyí tó dùn o." Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí mo wá gbé bírò, mo rí i pé ẹni tó bá ní kí n kọ èyí tó dùn nìkan, irọ́ ló ní kí n pa. Mo sì ti pa irọ́ kan nídìí iṣẹ́ yìí rí, ọ̀kan péré, ó ti tó mi í pa dọ́jọ́ ikú.

Èmi ni àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Páséèjì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn jíníọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà nínú ìlú Ìjẹ̀bú-Òde yìí. Iṣẹ́ mi ni àkàyé àti ìlò èdè. Mo máa fún wọn ní àyọkà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní páséèjì, wọ́n máa kà á, wọ́n máa dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn rárá: ìwé dé, mo mú un lọ, wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀kì. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, mi ò fẹ́ kí Tèmítọ́pẹ́ sá kí n tó dé ìdajì.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Odùwọlé, olórí àwọn tísà Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀, kì í sì í pariwo rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù. Bí mo bá ń kọ́ ọmọ lọ́wọ́, yóò wọlé wẹ́rẹ́, yóò jókòó sórí àga ọmọdé lẹ́yìn kíláàsì, orúnkún rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, yóò máa wò mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó pè mí sí yàrá àwọn tísà, ó na páséèjì kan sí mi. Ìtàn ọkùnrin kan ni. Ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, ó dìde, ó pe gbogbo aládùúgbò lólè, ó ṣépè, ó bú wọn tilé-tọ̀nà. Nígbà tó dalẹ́, ó wọ ilé ìdáná ara rẹ̀, ó bá ewúrẹ́ níbẹ̀ tó ń jẹ èèpo iṣu. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fún ewúrẹ́ lẹ́nu pa, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kà á tán, mo ní kí n kó ìbéèrè jáde.

Ọ̀gá ní, "Pa ìwé dé."

Mo pa á dé.

"Sọ ohun tí o kà fún mi."

Mo kó Gẹ̀ẹ́sì bọlẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè. "Mi ò ní kí o ka ìwé fún mi, Fọláṣadé. Bí ìyá rẹ bá bi ọ́ nílé pé kí ló wà nínú ìwé yẹn, kí lo máa wí?"

Mo fi ẹnu Ìjẹ̀bú sọ ọ́ fún un, mo ń lọ́ tìkọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dáa. Kí ló dé tí ọkùnrin yẹn ò fi sọ pé òun ti rí ewúrẹ́?"

Mo ronú títí. Mo ní kò sí nínú páséèjì.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní. "Wọn ò kọ ọ́ ni. Ojú ń tì í. Ọmọ tó bá rí ìyẹn, ó ti mọ ìwé kà. Èyí tí kò bá rí i, bó tilẹ̀ ka ìlà kọ̀ọ̀kan bí omi, o ò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan."

Ọdún kan gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan bírò pupa. Mo kàn ń jókòó tì í bó ṣe ń máàkì ni. Bí ọmọ bá da ìlà páséèjì kọ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, bí ìdáhùn náà tilẹ̀ bọ́ sí i, kò ní fún un ní ju ààbọ̀ lọ. Ó máa ń sọ pé, "Ọmọ tó dà á kọ kò kà á." Lọ́jọ́ kan, mo bi ọmọ ní ìbéèrè, ọmọ ń wòkè, ara mi ò gbà á, mo bá a dáhùn. Ọ̀gá dìde lẹ́yìn kíláàsì, ó ní kí n bọ́ sóde. Kíláàsì tèmi, níṣojú àwọn ọmọ tèmi! Mo lọ sunkún lábẹ́ igi fúrúùtù. Nígbà tó yá, ó wá bá mi níbẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá ń bá ọmọ rún oúnjẹ ṣáá, ọmọ ò ní mọ ìlò eyín rẹ̀. Dúró dè wọ́n." Inú bí mi sí i nígbà yẹn o. Mo ní, ìwọ baba yìí, Ọlọ́run á mú ẹ.

Pátákó dúdú la fi ń ṣiṣẹ́ láyé ìgbà náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ máa ń gún èédú mọ́ ewé ẹ̀gẹ́ láti fi kùn ún kó lè dú dáadáa. Èmi á ti kọ odindi páséèjì sára rẹ̀ kí aago ó tó lù, ṣọ́ọ̀kì á kún imú mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ń fọwọ́ yí dé lẹ́yìn náà, yíǹkì rẹ̀ ba búláòsì mi mẹ́ta jẹ́. Ẹ̀rọ fọ́tókópì dé. Ìwé iṣẹ́ ṣíṣe tí ìdáhùn mẹ́rin ti wà nílẹ̀, kọ́mọ kàn fàmì sí ọ̀kan, òun náà dé. Lónìí, ọmọ á fi fóònù ya páséèjì, fóònù á kà á, fóònù á dáhùn, ọmọ á lọ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bú fóònù. Èmi kì í dá sí i. Mo ti ṣe ohun tí fóònù ń ṣe yẹn kí fóònù ó tó dé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ọ̀gá Odùwọlé fẹ̀yìn tì, wọ́n fi mí jẹ olórí. Pírínsípà wa pè mí, ó ní, "Mísísì, èsì ìdánwò làwọn òbí ń wò. Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i." Mo jókòó, mo ronú, mo sì rí nǹkan. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń ṣètò ìdánwò jíníọ̀ sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ inú páséèjì sínú ìbéèrè. Mo wá kọ́ àwọn ọmọ pé: ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ìtàn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tó tóbi jù nínú ìbéèrè, ẹ wá a rí nínú páséèjì, ẹ da ìlà tó wà níbẹ̀ kọ. A sọ ọ́ ní "Wá a, dà á." Àwọn ọmọ tilẹ̀ fi í kọrin: mo bá ní "Wá a!" wọ́n á ní "Dà á!"

Wọ́n yege. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi dọ́kàn. Àwọn òbí ń fi iṣu àti gàrí Ìjẹ̀bú ránṣẹ́ sí mi, àwọn tó ní ilé lẹ́sìnnì ń wá bẹ̀ mí kí n wá bá wọn kọ́ ọmọ. Mo ń rìn, mo ń yan. Bí mo bá rántí Ọ̀gá, màá ní ayé ti yí padà, baba ò mọ̀ ni.

Nínú gbogbo àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Wá a, dà á, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n tó Rafatu. Ọmọ Alájì kan tó ń ta irin ìkọ́lé ni, ìyá rẹ̀ ń ta ìborùn lọ́jà Òkè-Àjẹ. Ojú ọmọ náà yára bí ojú àwòdì. Ìbéèrè ò tíì délẹ̀ tó ti rí ìlà. Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n Alájì ní obìnrin tó bá ti ka jíníọ̀ tán ti kàwé tó, kó wá bá ìyá rẹ̀ nídìí ọjà. Ìyá bẹ̀ ẹ́, èmi náà bá wọn bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

Ní ọdún tí Rafatu wà ní kíláàsì kẹta, ẹgbẹ́ kan gbé ìdíje ìwé kíkà kalẹ̀ ní Òdogbolú. Ọmọ tó bá gbé ipò kìíní, ẹgbẹ́ náà ni yóò rán an níwèé títí yóò fi jáde girama. Mo sáré tọ Alájì lọ. Ó ronú, ó ní, "Ó dáa, Tísà. Bó bá gbé e, kó máa kàwé lọ. Bí kò bá gbé e, ọ̀rọ̀ parí, ẹ ò sì gbọdọ̀ tún wá bẹ̀ mí." Mo ní, "Alájì, ẹ lọ fọkàn balẹ̀, àgbàdo ti wà nínú ìgò." Rafatu dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, a rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Mo wọlé, mo wo iwájú: Ọ̀gá Odùwọlé ni wọ́n pè wá ṣe adájọ́, irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Ó pín páséèjì fún àwọn ọmọ. Páséèjì wo? Ti ewúrẹ́ nù un.

Ó kan Rafatu. Ọ̀gá bi í ní ìbéèrè méjì, ó dá a lóhùn gẹ́lẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ń dún lẹ́nu rẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Alájì náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wá bi í pé, kí ló dé tí ọkùnrin náà ò fi sọ pé òun ti rí ewúrẹ́? Rafatu wo inú ìwé, ó wá ọ̀rọ̀, ó rí ìlà, ó kà á jáde: ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọ̀gá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó tì í. Kí ló dé?" Ọmọ tún ìlà yẹn kà.

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Pa ìwé dé, ọmọ mi. Má fòyà. Sọ ohun tí o kà fún mi bí ẹni ń sọ fún ìyá rẹ. Yorùbá náà dáa."

Rafatu pa ìwé dé. Ẹnu rẹ̀ là, kò sí nǹkan tó jáde. Ọ̀gá dúró dè é. Ẹ ò mọ bí ìdúró yẹn ṣe gùn tó! Ọmọ náà ò mọ̀ pé ìtàn wà nínú ìwé. Èmi ni mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí ìtàn. Ó bá yí ojú padà, ó ń fi ojú wá mi láàárín èrò.

Ọmọ Òdogbolú kan ló gbé ipò kìíní. Nígbà tí a jáde sí ìta gbọ̀ngàn, Alájì dúró tì mí níwájú àwọn òbí àti àwọn tísà ẹgbẹ́ mi, Rafatu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Tísà, ẹ ní àgbàdo ti wà nínú ìgò. Kí ló ṣe ọmọ mi?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Mo mọ̀ ọ́n. Àwọn tísà yòókù ń wò mí, Ọ̀gá Odùwọlé ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Alájì, mo kọ́ ọ, mo kọ́ ọ ti. Orí rẹ̀ ò gba ìwé. Gbogbo ohun tó ń dún lẹ́nu rẹ̀ yẹn, àkọ́sórí lásán ni. Olódo ni."

Ẹyin lohùn. Rafatu gbójú sókè wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá bá mi lẹ́bàá ọkọ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Fọláṣadé, ilé ìdáná ta ni ewúrẹ́ yẹn wà?" Ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà títí baba fi kú, mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ o. Mo tilẹ̀ jẹ ìrẹsì níbẹ̀.

Rafatu ò padà sí girama. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí á rò pé mo jáwọ́ nínú Wá a, dà á lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò jáwọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo tún fi kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé pélébé. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní férémù tí wọ́n kọ "olùkọ́ àwòkọ́ṣe" sí. Mo gbé e pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn. Àwọn ọmọ mi rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Lọ́dún yìí ló bá tèmi, lọ́jà Òkè-Àjẹ. Mo ń wá ìborùn tí n ó fi lọ sí ìsọmọlórúkọ, ni mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ké pé, "Àǹtí Páséèjì! Háà, ẹ̀yin lẹ rèé, mà?" Obìnrin sanra dáadáa kan kúnlẹ̀ nídìí ìsọ̀. Rafatu ni. Ó gbé àga fún mi, ó ra omi tútù. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àpótí níbẹ̀ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, ìwé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí itan rẹ̀.

"Màríámù, wá kí olùkọ́ mi. Àwọn ló kọ́ mi." Ọmọ kúnlẹ̀. Rafatu gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ ìka sí ìbéèrè. "Kí lo ń rò láti àárọ̀? Wá ọ̀rọ̀ yìí nínú páséèjì. O ti rí i? Ehẹn, dà á." Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Mi ò gbàgbé o, mà. Ẹ̀yin kọ́ mi dáadáa, orí tèmi ni ò gbà á. Alhamdulilahi, orí bàbá rẹ̀ ni eléyìí gbé wá, kò gbé tèmi."

Ẹ̀yin èèyàn, mo wá ibi tí n ó fojú sí, mi ò rí. Obìnrin yìí ti gbé ọ̀rọ̀ ẹnu mi lórí láti ìgbà ọmọdé dé ìgbà tó di abiyamọ, ó tún ń fi ṣe àwàdà.

Mo ní, "Rafatu, orí rẹ gbà á. Orí rẹ ló gbà á jù nínú gbogbo wọn. Èmi ni mi ò kọ́ ẹ. Mo kọ́ ẹ kí o máa da ìlà kọ, mi ò kọ́ ẹ kí o kàwé. Irọ́ ni mo pa fún bàbá rẹ lọ́jọ́ náà."

Ó ṣì ń ká ìborùn. Ó ká ọ̀kan, ó ká èkejì. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga kí n kúnlẹ̀, ó gbá mi lápá mú. "Háà, mà! Ẹ fẹ́ kí ayé bú mi ni?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Bàbá mi ṣì wà láyé. Bí ìnáwó ìwé bá délẹ̀ nílé wa títí dòní, wọ́n á ní kí n má dá sí i, pé tísà ti sọ irú orí tí mo ní. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ pé kí Màríámù náà ṣíwọ́ lẹ́yìn jíníọ̀, ọkọ mi sì ń gbọ́ sí wọn lẹ́nu. Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀, mà. Àwọn lẹ sọ ọ́ fún. Ẹ lọ sọ fún wọn."

Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn tó sọ ọ́ ò purọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá àìsàn tí n ó fi bojú, ara mi sì le koko. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé Alájì. Rafatu àti Màríámù ti wà níbẹ̀. Alájì ti darúgbó, ó jókòó sórí ẹní, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Kò kọ́kọ́ dá mi mọ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo sọ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sọ ti páséèjì, mo sọ pé olódo tí mo pe Rafatu kì í ṣe òótọ́. Mo sọ ọ́ tán. Alájì tẹ́ ọwọ́ sétí, ó ní, "Kí ló ń wí?"

Etí baba ti di! Mo tún un sọ, kò tún gbọ́. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Rafatu, kí ni tísà yìí ń wí?"

Rafatu sún mọ́ ọn, ó gbé ẹnu sí etí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un lẹ́nu Ìjẹ̀bú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó sọ ti Wá a, dà á. Ó sọ ti ewúrẹ́ àti ilé ìdáná. Ó sọ ohun tí mo wí níta gbọ̀ngàn, kò bù ú kù, kò sì fi iyọ̀ sí i. Èyí tí mo fò, kò fò ó: ó ní òun gbójú sókè wo tísà, tísà ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dúró wá ọ̀rọ̀ kankan. Màríámù pàápàá ti gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀.

Ìka Alájì ti dúró lórí tẹ̀sùbáà. Ó wò mí, ó tún padà wo ọmọ rẹ̀.

"Tísà ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí?" ó ní. "Kí ló dé tí wọn ò fi sọ?"

Mo la ẹnu kí n dáhùn. Rafatu gbọ́wọ́ sókè sí mi pé kí n dúró. Kò wo ojú mi, kò sì wá a nínú ohun tí mo ti sọ, torí kò sí níbẹ̀.

"Ojú ń tì wọ́n ni, Bàbá," ó ní.